Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Góòlù àti Iyùn Mọ̀ Kí Ojúde Ọba Tó Dé

Bí Iléyá bá ti ku nǹkan bí oṣù méjì, ọjà góòlù àti iyùn a gbóná ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, kì í ṣe ọjọ́ tí regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kan máa ń gbà kí òmíràn fi ọ̀ṣọ́ ju òun lọ. Aṣọ ẹgbẹ́ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ó ku ohun ọrùn, ohun ọwọ́ àti ti etí. Àsìkò yìí gan-an ni gbàrọgùdù máa ń pọ̀, láti Òkè-Ajé títí dé Ṣàgámù, ká má tíì sọ ti orí Instagram àti WhatsApp, níbi tí olùtajà kò ti ní ojúlé.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń náwó sí ibi tí ojú ń rí. Ó lè kọ Cartier, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ olówó ńlá kan, sára bángù kó gún régé, ó lè tẹ 750 sí i, ó lè ra páálí pupa, kó sì tẹ ìwé ẹ̀rí lé e. Ohun tí kò lè ṣe láìná owó góòlù gan-an ni ìwúwo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwúwo la ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ojú á wá tẹ̀ lé e. Sódì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é: wọ́n á wo páálí, wọ́n á wo òǹtẹ̀, wọ́n á sanwó. Ìgbà tí ọrùn bá ń yọ àwọ̀ ewé ni wọ́n tó ń wá síkéèlì.

Ohun èlò

Wọn ò pọ̀. Ẹ wá síkéèlì kékeré oníbátìrì tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Síkéèlì ilé ìdáná tó ń ka odidi gíráàmù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ wá awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Ẹ wá òòfà, ife tí ojú ń ríran já, okùn ìpẹja tín-ín-rín, àti òwú funfun díẹ̀. Fóònù yín ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò.

Ẹ dán síkéèlì náà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ gbé ife òfìfo lé e, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ fi sírínjì tuntun fa omi 10 mílílítà, kí ẹ tú u sínú ife. Ó yẹ kó kà tó 10 gíráàmù, ó lè fi díẹ̀ yẹ̀. Tó bá ka 8 tàbí 12, ẹ pààrọ̀ bátìrì tàbí síkéèlì fúnra rẹ̀.

Ohun tí òǹtẹ̀ ń sọ

Ẹ fi awò wo inú òrùka, inú bángù, tàbí ara ìkọ́ ṣéènì. Káráàtì ni òdiwọ̀n bí góòlù ṣe mọ́ tó. 999 ni káráàtì 24, 916 ni 22, 875 ni 21, 750 ni 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Tí wọ́n bá ní 750, wọ́n ń sọ pé nínú 1,000 gíráàmù irin yẹn, 750 ni góòlù. Bàbà àti fadákà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. 925 ni ti fadákà.

GP, GEP, HGE àti RGP kì í ṣe góòlù, ìbòrí góòlù tín-ín-rín ni wọ́n fi bo irin mìíràn lára. Ìbòrí GF nípọn jù wọ́n lọ, àmọ́ idẹ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. "18K GP" ló ń mú èèyàn jù, torí pé ojú á ka 18K tán, á sì fo GP.

Ní ti "góòlù Dubai", "góòlù Sáúdí" àti "góòlù Ítálì", orúkọ ọjà ni wọ́n. Góòlù gidi tó bá ti Sáúdí wá sábà máa ń jẹ́ 875 tàbí 750, ti Ítálì sì sábà máa ń jẹ́ 750, ṣùgbọ́n idẹ tí wọ́n pa ní omi góòlù láàárọ̀ lè máa jẹ́ góòlù Dubai nírọ̀lẹ́. Nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè ìlú.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju irin kékeré tí wọ́n fi òòlù lù lọ, ẹnikẹ́ni ló lè ní in. Torí náà, tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ wo ibi tí nǹkan náà ti ń fi ara gbo ara: ibi tí ojú ṣéènì kan ti kọ́ èkejì, ẹnu ìkọ́, ìsàlẹ̀ òrùka, ìgun bángù. Ibẹ̀ ni ìbòrí ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tí ẹ bá rí pupa bàbà tàbí eérú lábẹ́ àwọ̀ góòlù, ọ̀rọ̀ ti tán.

Òòfà kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Tó bá fà á, irin wà nínú rẹ̀. Tí kò bá fà á, ẹ ò tíì mọ nǹkankan, torí òòfà kì í fa idẹ, kì í fa bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà fa irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n ń tà báyìí pé kì í ṣí. Ẹ má fi sí orí ìkọ́ ṣéènì o, sípíríǹgì inú ìkọ́ lè jẹ́ irin lára ojúlówó góòlù. Àárín ṣéènì ni kí ẹ fi sí.

Omi kì í ṣe ojúsàájú

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Góòlù wúwo ju àyè tó gbà lọ fíìfíì. Bí idẹ àti góòlù káráàtì 22 bá tóbi bákan náà, góòlù á wúwo ju ìlọ́po méjì idẹ lọ díẹ̀. Omi ló ń bá wa wọn àyè tí nǹkan gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wọn nǹkan náà ní gbígbẹ, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bu omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù sínú ife dé ìdajì, ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan sí i, ẹ gbé ife náà lé síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ wá fi okùn ìpẹja so nǹkan náà, ẹ rọ̀ ọ́ sínú omi títí yóò fi rì pátápátá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ọwọ́ yín ni yóò máa gbé e dúró. Nọ́ńbà tí síkéèlì bá kà ni àyè tí nǹkan náà gbà. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pín ìwúwo àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi bángù kan ṣe é. Ó wọn 24.60 ní gbígbẹ. Nígbà tó wà nínú omi, síkéèlì ka 1.40. 24.60 tí a bá fi 1.40 pín jẹ́ 17.57. Káráàtì 22 nìyẹn. Ká ní idẹ ni, síkéèlì ìbá ka nǹkan bí 2.89, èsì á sì jẹ́ 8.5. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé lórí.

Èsì tó yẹ kí ẹ máa retí rèé: káráàtì 24 jẹ́ 19.3, 22 jẹ́ nǹkan bí 17.7, 21 jẹ́ nǹkan bí 16.8, 18 wà láàárín 15 sí 16, 14 jẹ́ nǹkan bí 13, 9 sì jẹ́ nǹkan bí 11. Fadákà 925 jẹ́ 10.3, bàbà 8.9, idẹ 8.4 sí 8.7, irin tí kì í dípẹtà nǹkan bí 7.9.

Àṣìṣe wà tó lè sọ ojúlówó di ayédèrú. Tí atẹ́gùn bá lẹ̀ mọ́ ọn bí róró, tàbí tó bá fi ara kan ìsàlẹ̀ ife, síkéèlì á ka púpọ̀ jù, èsì á sì lọ sílẹ̀. Bángù tó ní ihò nínú tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa náà á rí bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀. Òkúta tó wà lára òrùka kì í wúwo tó góòlù, òun náà á fà á wálẹ̀. Fún ìdí èyí, èsì tó kéré kò tó láti pe olùtajà ní olè. Ẹ gbọn nǹkan náà nínú omi kí róró kúrò, kí ẹ tún un wọ̀n nígbà mẹ́ta.

Àwọn àṣìṣe àti ẹ̀tàn tó ń sọ ayédèrú di ojúlówó kò pọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé kí nǹkan náà má rì tán: bí orí bángù bá yọ síta omi, àyè tó gbà á dín kù, èsì á fò sókè. Tó bá jẹ́ olùtajà ló ń bá yín rọ̀ ọ́, ojú yín ni kó wà lójú omi. Èkejì ni òjé. 11.3 ni òjé, ó sún mọ́ káráàtì 9 gan-an, ṣùgbọ́n ó rọ̀ débi pé èékánná lè há a. Ẹ̀kẹta ni tungsten, irin kan tí ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti káráàtì 24 dọ́gba. Inú góòlù onígún bíi bíríkì ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, nítorí ó le, kò ṣe é tẹ̀ sí ṣéènì.

Nǹkan kékeré ń fẹ́ ọgbọ́n. Òrùka 3 gíráàmù tó jẹ́ káráàtì 22 á ka 0.17 nínú omi, ti káráàtì 18 á ka 0.19, ti idẹ á ka 0.35. Ẹ rí i pé síkéèlì lè ṣi 0.17 àti 0.19 mú fún ara wọn, àmọ́ kò lè ṣi idẹ mú láé. Fún yẹrí etí àti òrùka tín-ín-rín, omi á sọ fún yín bóyá góòlù ni. Káráàtì mélòó ni? Ìyẹn di ọwọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù.

Òun náà ní òkúta dúdú tó ń ha góòlù sí, tó sì ń kán ásíìdì sí ojú ilà náà. Ilà idẹ á hó, á sì pòórá, ilà góòlù tó bá tó káráàtì ásíìdì yẹn á dúró. Ẹ sọ fún un pé kó fi fáìlì gé ibi tó fara sin díẹ̀ kó tó ha á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìbòrí nìkan ni òkúta máa tọ́ wò. Ẹ má gbìyànjú ásíìdì yìí nílé, ó ń jó awọ, èéfín rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn ìsọ̀ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ka góòlù. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ ojú òde ló ń kà, ìbòrí tó bá nípọn lè tàn án jẹ. Ẹ fi omi tì í lẹ́yìn.

Nígbà tó bá lórúkọ lára

Bángù Cartier tí wọ́n ń pè ní Love ni ayédèrú rẹ̀ wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Aldo Cipullo ló ṣe é ní New York ní 1969: apá méjì tí wọ́n fi síkúrúù méjì so pọ̀, tó rí gbọọrọ bí ẹyin dípò kó rí roboto. Káráàtì 18 ni góòlù rẹ̀, nítorí náà, èyí tó bá ní "18K GP" lára ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí Cartier, 750, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà ìwọ̀n. Nọ́ńbà ìwọ̀n yìí, sẹ̀ǹtímítà ni: bángù 17 gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 yíká inú. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá wo àwọn àmì síkúrúù tó yí i ká. Lára ojúlówó, etí wọn mú, wọ́n jìn dọ́gba, àyè àárín wọn kò yàtọ̀. Lára ayédèrú, ẹ ó rí èyí tó jìn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, àti èyí tí omi ìbòrí ti dí ẹnu rẹ̀.

Alhambra ti Van Cleef & Arpels, tó jáde ní 1968, jẹ́ òdòdó oníwé mẹ́rin tí róró góòlù kéékèèké yí ká. Ẹ ka róró wọ̀nyí lábẹ́ awò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí kó sì dá dúró. Ibi tí wọ́n bá ti yọ́ mọ́ra bí ìpara tó dà, ayédèrú ni. Tí òkúta rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé onílà, ilà ara òdòdó kan kò gbọdọ̀ bá ti èkejì dọ́gba, torí òkúta inú ilẹ̀ kì í ṣe àǹkárá. Ẹ ó rí VCA, 750 àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ lára rẹ̀. Nǹkan tí wọ́n bá ṣe ní Faransé tún lè ní orí ẹyẹ idì bíńtín, àmì wọn fún góòlù káráàtì 18. Ó kéré débi pé láìsí awò, èérí lẹ máa pè é.

Ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà sórí Google. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń da nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ bá sì rí i lára bángù mẹ́ta lọ́wọ́ olùtajà mẹ́ta, ẹ gbé e sílẹ̀. Páálí, àpò àti ìwé ẹ̀rí kò já mọ́ nǹkankan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà wọ́n.

Kókó kan wà tí omi kò lè yanjú: góòlù gidi, orúkọ irọ́. Àwọn kan ń fi ojúlówó káráàtì 18 ṣe bángù, wọ́n á wá kọ orúkọ olórúkọ sí i. Síkéèlì á yọ̀ǹda rẹ̀. Tí kò bá sí rìsíìtì láti ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ bá ti ara bángù mu, owó góòlù lásán ni kí ẹ san, ẹ má san ti orúkọ.

Iyùn

Iyùn ló ń ná ará Ìjẹ̀bú lówó jù, òun náà ni wọ́n ń yàn jẹ jù. Inú òkun ni ojúlówó ti ń wá, pàápàá òkun Mẹditaréníà. Egungun ẹ̀dá omi kékeré ni, ohun kan náà tó wà nínú ìkarawun ìgbín ló wà nínú rẹ̀. Ìlú Torre del Greco ní Ítálì ti ń gbẹ́ ẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń díbọ́n bí iyùn jẹ́ oríṣi mẹ́rin: rọ́bà, gíláàsì, iyùn lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dà pọ̀, àti iyùn funfun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rẹ láró pupa. Ìdánwò kan kò lè mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Rọ́bà ló rọrùn jù láti mú. Ẹ fi ẹyọ kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: iyùn á tutù, rọ́bà á lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbá ẹyọ méjì mọ́ra, iyùn á dún bí òkúta, rọ́bà á dún bí ìdérí ìgò. Ẹ tú ẹyọ kan kúrò lójú okùn, kí ẹ fi omi wọ̀n ọ́n bí ẹ ti ṣe fún góòlù. Iyùn á fún yín ní nǹkan bí 2.6 sí 2.7, rọ́bà kì í sábà ju 1.4 lọ. Tí kò bá sí síkéèlì, ẹ po iyọ̀ gíráàmù 36 mọ́ omi mílílítà 100. Ọ̀pọ̀ rọ́bà á léfòó nínú rẹ̀, iyùn á rì. Ẹ fi omi lásán ṣan iyùn náà kíá, kí ẹ nù ún.

Gíláàsì á bọ́ lọ́wọ́ omi, torí 2.4 sí 2.6 ni tirẹ̀. Awò ni yóò mú un. Ara iyùn ní ilà tín-ín-rín tó ń lọ lóòró, bí ilà ara igi tí wọ́n fi pílénà fá, ó sì máa ń ní ihò bíńtín-bíńtín bí ojú abẹ́rẹ́. Gíláàsì kò ní ilà, ohun tó ní ni róró atẹ́gùn nínú, ibi tó bá sì ti ta, á máa dán bí ìgò tó fọ́. Ẹnu ihò tí okùn ń gbà kọjá tún ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń lu ti iyùn láti ọ̀tún àti òsì ni, nítorí náà ó lè wọ́ díẹ̀ ní àárín. Ti rọ́bà ń gún gbọnrangandan, ẹ sì lè rí ìlà ibi tí apá méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé.

Iyùn lílọ̀ kò ní ilà lóòró, àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba jù, lábẹ́ awò ó dà bí gàrí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Ẹ ki orí abẹ́rẹ́ gbígbóná sí inú ihò rẹ̀, níbi tí ojú kò ti ní rí àpá. Tó bá rùn bíi rọ́bà tó ń jó, gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Èyí tí wọ́n rẹ láró ló ń mú àwọn àgbà gan-an, torí iyùn ni lóòótọ́, ìwúwo rẹ̀ pé, ó tutù, ó sì nílà. Àmọ́ ilà rẹ̀ fẹ̀ jù, aró sì máa ń ṣù sínú àwọn ihò ara rẹ̀. Ẹ fi òwú funfun tó ti mu àsítóònù, èyí tí àwọn ọmọge fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu inú ihò okùn. Bí òwú bá pupa, aró ni. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán iyùn wò bí àwọn kan ti ń ṣe. Òótọ́ ni pé ó ń hó, ṣùgbọ́n ìkarawun ìgbín náà ń hó, ọsàn á sì ti jẹ ìdán ara iyùn yín lọ.

Okùn ọrùn kan tí gbogbo ẹyọ rẹ̀ rí bákan náà, tí wọ́n pupa bákan náà, tí kò sí àbùkù kan lára ọ̀kankan, tí owó rẹ̀ sì kéré, kò sí ìdí láti dá a lóró pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

Owó àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ wo iye tí áwúǹsì góòlù kan jẹ́ lọ́jọ́ náà lórí fóònù, kí ẹ fi 31.1 pín in, ẹ ti mọ owó gíráàmù kan nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po káráàtì, kí ẹ fi 24 pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po iye gíráàmù. Owó góòlù inú rẹ̀ lásán nìyẹn, láìsí owó iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín ní ìdajì iye yìí, ayédèrú ló ń tà tàbí ohun tó jí.

Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wọn nǹkan níwájú olùtajà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́: "Alhája, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ ká jọ fi omi wọ̀n ọ́n, kí n lè sọ fún ìyàwó ilé pé ojú mi ló ṣe." Ẹni tó ń ta ojúlówó á bá yín bu omi. Ẹ jẹ́ kó kọ káráàtì, iye gíráàmù àti ọ̀rọ̀ náà "góòlù" sórí rìsíìtì, kó má kọ "ṣéènì kan" lásán.

Ẹ̀yin tó ń yá iyùn, tàbí tí ẹ ń yáni, ẹ ka ẹyọ rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì wọn odidi okùn náà kó tó kúrò nílé. Bí ó bá padà dé lẹ́yìn Ojúde Ọba, ẹ sá a síbòji kí òógùn inú okùn gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹyọ iyùn 6 gíráàmù tí wọ́n bá fi rọ́bà tó tóbi bákan náà rọ́pò á kù sí nǹkan bí 3, nítorí náà ẹyọ mẹ́rin péré tí wọ́n pààrọ̀ á fa odidi okùn sílẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 12. Tí ẹ bá rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀, ẹ tú okùn náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ kí ẹni tó yá a tó dìde níwájú yín.